Ẹrú Ṣe Ọmọ Rí: Ìrètí Àjàyí Ọmọ Òṣoògùn Nínú Ìgbèkùn

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa a máa wí pé, "Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ni ẹrú ṣe ọmọ rí ní ilé ìyá rẹ̀." Òwe yìí jẹ́ ìbáwí fún gbogbo ẹni tí ó bá rí ènìyàn nínú ìdè, tí ó sì rò nínú ọkàn rẹ̀ pé bí a ti rí i yìí ni a ti bí i. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí: ọmọ tí a já gbà kúrò ní ilé ìyá rẹ̀, tí ìyá náà kò sì mọ̀ fún ọdún 25 bí ó kú tàbí bí ó yè.

Ohun tí ó mú wa sọ ọ́ nìyí. Nígbà tí ìpọ́njú bá dé bá ẹnìkan, tí ó wà ní àhámọ́ tàbí ní ọwọ́ àwọn ìkà ènìyàn, àwa tí a wà ní ìta a máa yára sọ pé kí ó ní ìgbàgbọ́, kí ó má ṣe sọ ìrètí nù. Ọ̀rọ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n níbo ni ẹni tí a dè ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti ń rí ìrètí tí a ní kí ó mú? Ṣé nínú agbára ara rẹ̀ ni? Àti pé bí ìrètí náà bá tán pátápátá, ṣé Ọlọ́run ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ni?

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni ó mọ orúkọ Samuel Àjàyí Crowther. A mọ̀ ọ́n ní bíṣọ́ọ̀bù, a mọ̀ ọ́n ní ẹni tí ó ṣe olórí iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ bíṣọ́ọ̀bù ń bẹ ní ara ògiri ilé púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wà lẹ́yìn àwòrán náà, díẹ̀ nínú wa ni ó mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1837, nígbà tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Fourah Bay ní ilẹ̀ Sierra Leone, tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró, ó kọ ìwé gígùn kan sí àlùfáà William Jowett, ó sì ròyìn gbogbo bí a ti mú un àti bí a ti tà á. Nínú ìwé náà kò fi ohunkóhun pamọ́, ìbáà ṣe ìtìjú ara rẹ̀. Nítorí èyí ni a ṣe lè gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́.

ỌJỌ́ TÍ OGUN WỌ ÌLÚ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, Àjàyí tó ọmọ bí ọdún 13. Òṣoògùn ni ìlú rẹ̀, ní agbègbè Iṣẹ́yìn. Ahunṣọ ni baba rẹ̀. Àfàlá ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní àkókò náà, ilé ńlá tí í ṣe ìjọba Ọ̀yọ́ ti ń wó. Ìlọrin ti yapa, àṣẹ Aláàfin kò múlẹ̀ mọ́ bí ti ìṣáájú, ogun sì ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí a ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ariwo ta pé ogun dé. Àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́, àwọn Fúlàní, àti àwọn ẹrú tí ó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ni ó parapọ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ ogun náà. Ìlú Òṣoògùn ní ọgbà yí i ká, ó ní ẹnubodè 6, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin kò sí nílé, àwọn tí ó wà nílé kò sì múra sílẹ̀. Baba Àjàyí sáré wọlé, ó ní kí àwọn ará ilé máa sá lọ, ó sì yí padà sí ojú ìjà. Àjàyí kò fi ojú kàn án mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó gbọ́ nígbà tí ó yá pé ó kú nínú ogun mìíràn.

Wọn kò lè sá jìnnà. Igbó dí, ọmọdé ń bẹ ní ẹ̀yìn ìyá, àwọn ọ̀tá sì ti gba ẹnubodè. A ju okùn sí wọn ní ọrùn, a sì fà wọ́n lọ bí a ti ń fa ewúrẹ́ lọ sí ọjà: Àjàyí, ìyá rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì tí ọ̀kan nínú wọn kò tíì pé ọdún kan, àti ìbátan wọn mìíràn. Wọ́n bojú wẹ̀yìn, ilé wọn ń jó.

Ní Iṣẹ́yìn ni a ti pín wọn. Àjàyí àti àbúrò rẹ̀ tí ó dàgbà jù bọ́ sí ọwọ́ olóyè kan. Ìyá àti ọmọ ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Olóyè náà fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin ní ọjọ́ náà gan-an. Kí ọ̀sán kan àti òru kan tó pé, ọmọ tí ó jí ní òwúrọ̀ ní ilé baba rẹ̀ ti di ohun ìní ènìyàn mẹ́ta, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan.

ÒRU KAN TÍ KÒ LÈ SÙN

Ìlú tí ẹni tí ó fi ẹṣin rà á mú un lọ, níbẹ̀ ni ó tún ti rí ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ kékeré, nítorí ẹni tí ó ni wọ́n ń gbé ìlú kan náà. Bí oṣù mẹ́ta ni ó gbé níbẹ̀, tí ó ń fi ẹsẹ̀ tí a kó sí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wá koríko fún ẹṣin. Bí ó bá ṣe tán, a máa yà kí ìyá rẹ̀. Ẹ wo ohun tí ọmọ náà fi ṣe ìrètí ní àkókò yìí: pé òun àti ìyá òun wà ní ìlú kan náà. Ìyẹn nìkan ni, ó sì tó o láti máa jí ní òròòwúrọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a rán an tẹ̀lé ọkùnrin kan lọ gba owó wá ní ilé tí ó wà nítòsí. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Bí ó ti dé ibẹ̀ ni a kó o mọ́ àwọn mìíràn tí a ti dè, tí a ó kó lọ sí ọjà ní ìdájí. Kò sùn. Ó sunkún títí, pàápàá nítorí pé ó ti tó ọjọ́ kan tàbí méjì tí kò tíì lọ kí ìyá rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ìyá tirẹ̀ náà wà ní ìlú yẹn. Nígbà tí àkùkọ àkọ́kọ́ kọ, a gbé ẹrù ru àwọn àgbàlagbà, a sì so ọwọ́ àwọn ọmọ pọ̀ mọ́ ọrùn wọn. Ọmọ kejì bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun rí ìyá òun. Pàṣán ni a fi dá a lóhùn títí ó fi dákẹ́. Àjàyí rí èyí, kò sì ya ẹnu rẹ̀, bí ó tilẹ̀ rò pé ẹnu ọ̀nà ilé tí ìyá òun wà gan-an ni wọ́n gbà kọjá.

Ẹ̀yin ìyá àti baba tí ń ka ìwé yìí, àwa kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi kún èyí.

Láti ibẹ̀ a mú un dé ọjà Ìjàyè. Níbẹ̀ ni àwọn tí ogun kò mú ti ń wá ìbátan wọn kiri, kí wọn lè rà wọ́n padà bí owó wọn bá ká a. A ṣọ́ Àjàyí gidigidi kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀. Obìnrin Mùsùlùmí kan ni ó rà á, tí ó sì ń mú un lọ sí apá ìsàlẹ̀, sí ọ̀nà etí òkun.

Bí wọ́n ti ń sún mọ́ etí òkun ni ẹ̀rù kan ń gba ọmọ náà ní ọkàn. Ó ti gbọ́ pé àwọn Pọtogí a máa ra ènìyàn, pé ẹni tí wọ́n bá sì gbé lọ kì í padà. Ikú yá ju ẹ̀sín, ni àwọn baba wa wí. Ọmọdé náà sì rò ó bẹ́ẹ̀. Ní òru bíi mélòó kan, ó fi ọ̀já tí ó ń dì mọ́ ìbàdí rẹ̀ kọ́ ọrùn ara rẹ̀ láti fún un pa. Kò ní ìgboyà tó láti fa okùn náà já sí ikú. Lẹ́yìn èyí ó pinnu pé, bí wọ́n bá wọ ọkọ̀ ojú omi, òun ó bẹ́ sí inú odò. Obìnrin náà rí i pé ọmọ náà ti yí padà, kò jẹun, ara rẹ̀ kò sì yá, ó sì tà á fún ẹlòmíràn kí ó má bàa pàdánù owó rẹ̀.

Nígbà tí Àjàyí ń kọ èyí ní ọdún 1837, ó ti di onígbàgbọ́ àti olùkọ́, ó sì tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Olúwa fún ohun tí ó gbìyànjú láti ṣe. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò fẹ́ kí a rò pé ọmọ tí ó ní ìgbàgbọ́ tí kò mì ni òun jẹ́ nínú ìdè. Ẹni tí a ó fi òróró yàn ní bíṣọ́ọ̀bù ti wà ní ibi tí ìrètí kò ti sí rárá.

ẸWỌ̀N NÍ ÈKÓ

Nígbà tí ó dé Èkó, ó ti sọ ara rẹ̀ di àgbà nínú oko ẹrú. Kò retí àtipadà sí ìlú rẹ̀ mọ́. Ohunkóhun tí ó bá dé, ó gbà á. Síbẹ̀ ara rẹ̀ wárìrì nígbà tí òyìnbó Pọtogí fi ọwọ́ kàn án ní ìgbà àkọ́kọ́, tí ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń yẹ ẹran ọjà wò, bóyá ó le tàbí kò le.

Ẹ̀wọ̀n kan tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 36 ni a fi so àgbà àti ọmọdé pọ̀, a tì í bọ òrùka irin tí ó wà ní ọrùn olúkúlùkù, a sì fi àgádágodo tì í ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Àwọn ọmọdé ni ó jìyà jù. Bí inú bá bí àwọn àgbà, wọn a fa ẹ̀wọ̀n náà, ọrùn àwọn ọmọ a sì bó. Bí ó bá di àkókò oorun, olúkúlùkù a fà á sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ kí ìwúwo rẹ̀ lè fúyẹ́, àwọn ọmọ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni yàrá náà ní, a sì ń tì í ní kété tí wọ́n bá wọlé. Afẹ́fẹ́ kò ní ọ̀nà mìíràn bí kò ṣe àlàfo abẹ́ òrùlé. Bí ẹni méjì bá jà ní òru, gbogbo wọn ni a ó nà. Nígbà tí ẹrú pọ̀ jù ẹ̀wọ̀n lọ, a ya àwọn ọmọdé sọ́tọ̀, a sì fi okùn so wọ́n. Àjàyí kọ ọ́ pé ayọ̀ ni èyí jẹ́ fún àwọn. Ẹ ronú ipò tí ènìyàn wà tí ó fi ń yọ̀ pé okùn ni a fi so òun, kì í ṣe irin. Bí oṣù mẹ́rin ni ó wà báyìí.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, a kó wọn sí inú ọkọ̀ Pọtogí kan, àwọn 187. Esperança Feliz ni orúkọ ọkọ̀ náà, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Ìrètí Aláyọ̀. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ìrètí náà wà fún, ìrètí èrè. Àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kò ní ìpín nínú rẹ̀. Wọ́n ń bì, ebi sì ń pa wọ́n, nítorí kò sí ẹni tí ó fún wọn ní oúnjẹ ní ọjọ́ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ni ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Myrmidon àti Iphigenia, ká wọn mọ́ ojú omi Èkó. Ní ọdún 1807 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú fún àwọn ènìyàn rẹ̀, àwọn mánúwá wọn sì ń ṣọ́ etí òkun wa. Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ni Àjàyí kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìgbàlà náà.

ÀWỌN ỌMỌ MẸ́FÀ

A lè rò pé nígbà tí ìgbàlà dé, ayọ̀ dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a ti tà láti ọwọ́ dé ọwọ́ kì í mọ olùgbàlà yàtọ̀ sí olówó tuntun. Idà gígùn ni ó wà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó náà, wọ́n sì ń pín àwọn ẹrú sí ọkọ̀ púpọ̀. Àwọn ọmọ mẹ́fà tí ìyà ti sọ di ọ̀rẹ́ dì mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí, Àjàyí wà nínú wọn, kí a lè kó wọn lọ pọ̀ síbikíbi tí ó bá jẹ́.

A kó wọn sí Myrmidon. Wọn kò rí àwọn tí a ti kó lọ ṣáájú wọn. Ohun tí wọ́n rí ni ẹran funfun tí a so kọ́, àti ọta àgbá rogodo-rogodo tí a tò sí orí ọkọ̀. Àwọn ọmọ náà gbà láìjiyàn pé ẹran ara àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni ti ìṣáájú, pé orí wọn sì ni ti ìkejì. Wọ́n rọra sún mọ́ ọn: pátákò ẹran náà là sí méjì, ẹlẹ́dẹ̀ ni, wọ́n fi ọwọ́ kan àwọn rogodo náà, irin ni. Láti ibẹ̀ ni ọkàn wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn atukọ̀ fún wọn ní aṣọ, wọ́n sì fi wọ́n ṣe ọmọ ọ̀dọ̀.

Ní ọjọ́ kan a mú Pọtogí tí ó ni wọ́n àti ọmọ rẹ̀ wá sí inú ọkọ̀ náà nínú ìdè. Àjàyí lọ gbá a ní orí níbi tí ó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ó kọ ọ́ pé ìwà búburú ni òun hù ní ọjọ́ náà. Àwa kò ní dá a lẹ́bi ju bí òun tìkára rẹ̀ ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi lọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé ọkùnrin tí ó ti rí ìdáríjì gbà kò lè rántí ojú ọmọ tí ń wo bí a ti ń na baba rẹ̀ kí inú rẹ̀ má bàjẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olówó rẹ̀ ni baba náà.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó gúnlẹ̀. Ìjì dìde, ó sì rì ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí a kó wọn sí. 102 nínú àwọn tí a kó ní Èkó ni ó bá omi lọ, lẹ́yìn tí a ti gbà wọ́n sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ wọn fún wa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé Ọlọ́run gba Àjàyí là nítorí pé ó dára ju àwọn yòókù lọ, kí ó kọ́kọ́ ka iye yìí dáadáa. Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1822 ni a gbé Àjàyí gúnlẹ̀ ní Sierra Leone, a sì rán an lọ sí abúlé Bathurst. Àwọn ará ilẹ̀ wa tí ó bá níbẹ̀ sọ fún un pé ó ti di òmìnira, ó sì gbà wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, a ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ náà sí Freetown láti wá jẹ́rìí ní ilé ẹjọ́ sí Pọtogí náà. Wọ́n gbọ́ fìrí pé a ó dá wọn padà fún un, wọ́n sì kọ̀ láti lọ. Pàṣán ni a fi lé wọn lọ. Ìdè ti kúrò ní ọrùn, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò ní ọkàn. Nígbà tí wọ́n padà dé Bathurst ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n tún rí àwọn ọ̀rẹ́ wọn, nígbà náà ni wọ́n tó mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ní ibẹ̀ ni ìwé gbé bẹ̀rẹ̀. Láàrin oṣù mẹ́fà ó ti lè ka Májẹ̀mú Tuntun. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825 a ṣe ìrìbọmi fún un. Ní ọdún 1829 ó fẹ́ Asano, ẹni tí a ti ṣe ìrìbọmi fún ní Susan, ọmọbìnrin tí a ti gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú bí tirẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1844, lẹ́yìn tí a ti fi í joyè àlùfáà, ó darí ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown fún àwọn tí a ti tà rí bí òun. Nígbà tí ó gbàdúrà tán, wọn kò dáhùn bí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní, Kí ó ṣẹ.

OHUN TÍ KÒ RETÍ

A dé ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ wa fi orí lé. Nínú ìwé ọdún 1837 yẹn, Àjàyí sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ tí a mú un bí ọjọ́ búburú tí ó tún jẹ́ ọjọ́ ìbùkún. Ó pè é ní búburú nítorí pé a fi ipá lé e jáde ní ilé baba rẹ̀. Ó pè é ní ìbùkún nítorí pé ó gbà pé Ọlọ́run ti ibẹ̀ darí rẹ̀ sí ibi tí ó ti gbọ́ Ìhìnrere. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ó kọ. Kò fi èkejì pa èkíní rẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé orí òru tí a yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó kọ ọ́ pé àwọn kì yóò tún pàdé mọ́ ní ayé yìí.

Ẹ kíyè sí i. Kì í ṣe ọmọ ọdún 13 ni ó kọ èyí. Onígbàgbọ́ ni ó kọ ọ́, olùkọ́, ẹni tí ó ń gbàdúrà ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Ní ti ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ó ti sọ ìrètí nù.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ó dé Abẹ́òkúta láti ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, obìnrin arúgbó kan wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó ti rù, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Àfàlá ni. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnikẹ́ni kò lè fọhùn. Omijé ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá. Ìyá yìí pẹ̀lú ti rí ìgbèkùn tirẹ̀ ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, láìwọ ọkọ̀ òkun kankan: a ti rà á padà, a sì tún ti mú un tà. Àjàyí kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ ìwé mímọ́ tí ó bọ́ sí ọjọ́ náà nínú àlímánákì òun wá láti inú Orin Dáfídì kẹwàá, níbi tí a ti pe Ọlọ́run ní olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848, a ṣe ìrìbọmi fún Àfàlá pẹ̀lú àwọn àkọ́so ìjọ Abẹ́òkúta, a sì sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Samuẹli nínú Bíbélì. Ó wà láàyè títí di ọdún 1883.

Nígbà tí a fi Àjàyí jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, Leeke tí ó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ Myrmidon ní ọdún 1822 wà níbẹ̀, ó ti darúgbó, ó wá wo ọmọ tí ó fà jáde láti inú ọkọ̀ ẹrú. Síbẹ̀ ìgbèkùn kò tíì tán. Ní ọdún 1867, ìjòyè kan tí a ń pè ní Abokko mú bíṣọ́ọ̀bù náà àti Dandeson ọmọ rẹ̀ ní etí odò Ọya, ó sì ń béèrè owó ìràpadà. A gbà wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá gbà wọ́n, kú nípa ọfà olóró. Ẹni tí ó ti tó ọgọ́ta ọdún tún padà wá sí ibi tí ó wà ní ọmọdé. Kò sì torí èyí fi iṣẹ́ rẹ̀ ní etí odò náà sílẹ̀. Àwọn ọdún púpọ̀ ni ó tún fi ṣe é, títí di ìgbà tí ọjọ́ ikú rẹ̀ fi kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ní ọdún 1891.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Kí ni a rí kọ́? Èkíní, ìrètí ẹni tí a dè kò gbọdọ̀ tóbi kí ó tó ṣiṣẹ́. Ìlú kan náà tí òun àti ìyá rẹ̀ wà, ọmọ mẹ́fà tí ó di ara wọn mú, ọ̀rẹ́ tí ó sọ fún un ní Bathurst pé ó ti di òmìnira: àwọn wọ̀nyí ni Ọlọ́run fi gbé ọmọ náà ró kí ó tó mọ orúkọ Rẹ̀ nínú ìwé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ìkejì, ẹni tí ìrètí rẹ̀ tán kò tíì ṣègbé. Ọmọ tí ó fi ọ̀já kọ́ ọrùn ni Ọlọ́run lò. Ìkẹta, ohun tí Ọlọ́run ní lọ́wọ́ kò dúró de ìwọ̀n ìgbàgbọ́ wa. Onígbàgbọ́ náà kò retí ìyá rẹ̀ mọ́, ìyá sì dé.

A kò sọ èyí kí a lè fi ìgbèkùn ṣe ohun rere. Ìkà ni, ìkà ni yóò sì máa jẹ́. Ní ayé tiwa yìí, àwọn ajínigbé ń bẹ ní ojú ọ̀nà àti nínú igbó. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014, a kó ọmọbìnrin 276 ní ilé ìwé ní Chibok ní alẹ́ ọjọ́ kan. Gbogbo wọn kò tíì padà títí di òní. Ilé púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú ti mọ bí ó ti rí láti jókòó ti fóònù, kí a máa retí ohùn ẹni tí ó jí ọmọ wa gbé.

Nítorí náà, nígbà tí ẹni tí a jí gbé bá padà dé, ẹ má ṣe kánjú bi í léèrè bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti lágbára tó níbẹ̀. Ẹ má sì sọ fún un pé Ọlọ́run ni ó ṣètò rẹ̀. Àjàyí nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ láti pe ọjọ́ búburú tirẹ̀ ní ọjọ́ ìbùkún. Kò sí ẹlòmíràn tí ó lè bá a pè é bẹ́ẹ̀. Kí a fún un ní oúnjẹ, kí a jókòó tì í, kí a jẹ́ kí ó sọ ohun tí ó fẹ́ sọ, àní bí ó bá jẹ́ ohun ìtìjú ni. Àti ní ti àwọn tí kò tíì padà, kí ìyá má ṣe tijú láti máa dárúkọ ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹrú ṣe ọmọ rí ní ilé ìyá rẹ̀, Ọlọ́run kò sì gbàgbé ọ̀nà ilé náà.

Kí Olúwa dá àwọn tí ó wà ní ìdè padà fún wa, kí ó sì tu àwọn tí ń retí wọn nínú. Kí ó ṣẹ.